Ṣé ẹni tó ń lépa ipò ńlá ni ọkàn rẹ̀ kò tíì dàgbà?

Ọmọ Aláró

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti wọ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ti ń ka ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Michael Teachings. Ohun tí ó yé mi nínú rẹ̀ ni pé ọkàn kọ̀ọ̀kan ń wá sáyé léraléra, ó sì ń dàgbà bí ènìyàn ṣe ń dàgbà: yóò ṣe ìkókó, yóò ṣe ọmọdé, yóò di ọ̀dọ́, yóò gbó, kí ó tó di àgbàlagbà. Èyí tí ó wà ní ipele ọ̀dọ́ ni wọ́n ní ó máa ń lé owó, agbára àti òkìkí, tí ó sì ń fẹ́ kí ohun gbogbo rí bí òun ṣe fẹ́.

Òwò àdìrẹ ni wọ́n ń ṣe ní agboolé wa ní Abẹ́òkúta. Èmi ni mo yà kúrò, mo dá ilé iṣẹ́ tèmi sílẹ̀, mo sì pinnu pé aṣọ mi yóò dé ibi tí aṣọ ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa kò dé rí. Nígbà tí mo sọ ní ìpàdé ẹbí pé mo fẹ́ ṣí ẹ̀ka kejì, ẹ̀gbọ́n mi wí níṣojú ìyá wa pé kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé ọkàn ọ̀dọ́ ni mo gbé wá, kò lè yé mi títí di ayé mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Bí ènìyàn bá pè mí ní olójúkòkòrò, mo lè ṣí ìwé ìṣirò owó mi hàn án, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi jiyàn ọjọ́ orí ọkàn mi? Mo bẹ̀ yín, ṣé òótọ́ ni pé ìlépa ipò ńlá àti dídá tẹni ṣe jẹ́ àmì pé ọkàn ṣì wà ní ìsàlẹ̀ àkàbà?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọlọ́jọ́pípẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, arábìnrin mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ka irú ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, inú mi kò sì dùn sí bí ẹ̀gbọ́n yín ṣe lò ó. Ní California ni Michael Teachings ti bẹ̀rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, láàárín àwọn ènìyàn díẹ̀ tí wọ́n jókòó ti pátákó Ouija, èyí tí wọ́n fi ń bi àwọn ẹ̀mí ní ìbéèrè. Ìwé kan tí ó jáde ní 1979 ni ó gbé e dé ìta. Ipele márùn-ún tí ẹ kà sílẹ̀ ni wọ́n pín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí ìgbésẹ̀ méje. Ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ipele kan kò sàn ju òmíràn lọ, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí ó wà ní kíláàsì kejì kò ṣe burú ju ti kíláàsì kẹfà lọ. Wọ́n tilẹ̀ gbà pé àwọn ọkàn ọ̀dọ́ ni ó máa ń fi agbára wọn kọ́ ìlú ńlá àti ilé iṣẹ́ tí gbogbo àwọn yòókù ń gbé inú rẹ̀. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé, láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn tí ń ka ẹ̀kọ́ yìí jókòó, n kò tíì rí ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní ọ̀dọ́. Gbogbo wọn ni àgbàlagbà. Kò sí òṣùwọ̀n tí a fi lè yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà ẹni tí ń wọn ọkàn ni ó ń yan ipò fún ara rẹ̀.

Ẹgbẹ́ Theosophy, tí Helena Blavatsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní New York ní 1875, jìnlẹ̀ ju èyí lọ lójú tèmi. Wọ́n ya ohun méjì sọ́tọ̀: ènìyàn bí a ṣe mọ̀ ọ́n nínú ayé kan ṣoṣo, pẹ̀lú orúkọ, ìṣe àti ìfẹ́ inú rẹ̀, tí ó dà bí aṣọ tí a ó bọ́ sílẹ̀; àti ẹni tí ó wọ aṣọ náà, tí ń lọ tí ń bọ̀. Alice Bailey, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti inú ẹgbẹ́ yìí jáde, tí ó sì ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà títí ó fi kú ní 1949, ṣàlàyé pé ènìyàn ń kọ́kọ́ gbé nínú ara, lẹ́yìn náà nínú ìmọ̀lára, lẹ́yìn náà nínú èrò, títí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi so pọ̀ di ọ̀kan. Ibi tí wọ́n ti so pọ̀ yìí gan-an ni ẹni tí ó ní ìlépa ńlá, tí ó sì dá dúró, wà. Ipele tí ó léwu ni, nítorí agbára rẹ̀ lè di ìgbéraga, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fò ó, nítorí ẹni tí kò tíì kó ara rẹ̀ jọ kò ní nǹkan kan tí yóò fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ará Salvador

Mo fara mọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí Akẹ́kọ̀ọ́ sọ, àfi pé ẹ̀rù àkàbà náà ń bà mí, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Bàhíà ní Bràsíìlì ni mo ń gbé. Ẹ̀kọ́ Allan Kardec, olùkọ́ ọmọ Faransé tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ẹ̀mí jáde ní 1857, ti ta gbòǹgbò ní Bràsíìlì ju ní ilẹ̀ tirẹ̀ lọ. Kardec to àwọn ẹ̀mí sí ọ̀wọ́ mẹ́ta àti ìpín mẹ́wàá. Ó ní gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ láìmọ nǹkan kan, pé ẹ̀mí kì í padà sẹ́yìn, àti pé ìmọ̀ lè sáré ṣáájú ìwà, tí ọlọ́gbọ́n ènìyàn yóò fi jẹ́ anìkànjọpọ́n. Apá tí ó kẹ́yìn yẹn wúlò fún mi gan-an.

Ṣùgbọ́n Kardec kan náà ni ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀ ní 1862 pé àwọn ẹ̀mí tí kò tíì lọ síwájú ni ń wọ ara ènìyàn dúdú. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Umbanda, ẹ̀sìn kan ní Bràsíìlì níhìn-ín, sì ń sọ ìtàn pé ní 1908, nígbà tí ẹ̀mí àwọn Indian onílẹ̀ Bràsíìlì àti ti àwọn arúgbó ọmọ Áfíríkà tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí yọ níbi ìjókòó àwọn ọmọ ẹ̀yìn Kardec, wọ́n ní kí wọ́n kúrò nítorí pé ẹ̀mí ìsàlẹ̀ ni wọ́n, èyí tí ó mú kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Zélio de Moraes, ṣí ilé tirẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yin ẹ wò ó: àwọn baba wa tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n kó gba orí òkun ni wọ́n fi sí ìsàlẹ̀! Nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan ń ka ọjọ́ orí ọkàn ẹlòmíràn, ìtàn yẹn ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ọmọ Awo

Ọmọ mi, ẹ̀kọ́ àwọn baba wa kò mọ ọkàn ọ̀dọ́ tàbí ọkàn àgbà. Babátúndé àti Yétúndé ń padà wá sínú ẹbí wọn. A kò sọ pé wọ́n gun òkè. Orí ni a ń yàn, ti kálukú sì ni tirẹ̀, nítorí náà dídá dúró kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ifá sọ ti àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n ń lọ yan orí lọ́dọ̀ Àjàlá tí ń mọ orí. Méjì nínú wọn, ọmọ Ògún àti ọmọ Ìja, kánjú lọ, wọ́n fọwọ́ ara wọn mú orí tí ó dára lójú, òjò sì bà á jẹ́ lójú ọ̀nà. Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà yà kí baba rẹ̀. Wọ́n dífá fún un, ó rúbọ, ó sì fi owó tí wọ́n fún un san gbèsè Àjàlá, Àjàlá sì bá a yan orí rere. Nígbà tí ayé rẹ̀ dára, àwọn méjèèjì yòókù bèèrè ibi tí ó ti rí orí tirẹ̀. Ó ní ibì kan náà ni gbogbo wọn ti yan orí, kádàrá ni kò papọ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó fẹ́ ayé rere, ìfẹ́ náà kò sì bà wọ́n jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ ni pé, nígbà tí ò ń lọ, ta ni o yà kí?

Ọmọ Aláró

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ka ọ̀rọ̀ Ará Salvador sókè fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, kò sì rí èsì fọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ìbéèrè yín, baba, ni kò jẹ́ kí n sùn. Ìyá mi ni ó kọ́ mi bí a ṣe ń po aró tí a sì ń fi ẹ̀kọ ya ọnà sára aṣọ, ẹnu aládùúgbò ni ó sì ti gbọ́ pé mo ti gba ṣọ́ọ̀bù. Mo bẹ̀rù pé wọn yóò ní kí n má lọ. N kò gbà pé ọkàn mi kéré, n kò sì ní jáwọ́ nínú ẹ̀ka kejì. Mo ń lọ sí agboolé ní Sátidé, n ó mú aṣọ àkọ́kọ́ tí mo rẹ ní ṣọ́ọ̀bù náà dání, èyí tí n kò tíì fi han ìyá mi títí di òní.