Ewúrẹ́ márùn-ún kú láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án: ṣé kí n tún un bẹ̀rẹ̀?

Tíṣà Ẹ̀yìnkùlé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́sìn ẹlẹgbẹ́ mi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, ó sì di ọdún kẹrin tí èmi àti ìyàwó mi ti ń sin ewúrẹ́ àti pẹ́pẹ́yẹ ní ẹ̀yìnkùlé wa. Méjì péré ni ewúrẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti di méje, nítorí pé oyún oṣù márùn-ún ni àwọn ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa yìí ń ní, ìbejì ni wọ́n sì sábà máa ń bí. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé odán àti ewé ìyeyè ni oúnjẹ wọn. Òbúkọ méjì tí a tà nígbà Iléyá èṣí ni a fi owó rẹ̀ kan páànù sórí ilé ìdáná. Ìyá àgbà inú wọn, tí ìyàwó mi sọ ní Àbẹ̀kẹ́, a máa wá fi orí kan ilẹ̀kùn wa láràárọ̀ bí olówó èlé.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo ra òbúkọ kan ní ọjà. Omi ń jáde díẹ̀díẹ̀ ní imú rẹ̀, ẹni tó tà á fún mi sì ní ọyẹ́ ló fà á. Mo tú u sáàárín àwọn yòókù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ikun fi dí imú wọn, ìpin bo ojú wọn, ẹnu wọn sì bó débi pé wọn á gbóòórùn ewé, wọn á sì yí orí kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ gbuuru dé. Ẹnì kan tó ń ta oògùn ẹran gún wọn ní abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó gba owó rẹ̀, n kò sì rí i mọ́. Márùn-ún kú láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Àbẹ̀kẹ́ ló kú kẹ́yìn. Orí rẹ̀ wà lórí itan ìyàwó mi, ó ń payín keke títí tí ilẹ̀ fi mọ́. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí ẹnì kan fi wá sọ pé òun á ra òkú wọn bí ẹran jíjẹ. Mo lé e jáde, mo sì gbẹ́ kòtò.

Mẹ́ta ló kù: ọmọ Àbẹ̀kẹ́ kan tó jẹ́ abo, abo kan mìíràn, àti òbúkọ tí mo rà lọ́jà yẹn, tí ara rẹ̀ ti ń dán báyìí bí ẹni pé kò ṣe ohunkóhun. Ìyàwó mi ní òun kò ṣe mọ́, kí a ta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí pẹ́pẹ́yẹ nìkan kù. Pẹ́pẹ́yẹ ọ̀hún pàápàá pa ọmọ mẹ́rìnlá, mẹ́rin péré ló wà láàyè. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti ṣì í ṣe, ṣé ó sì yẹ kí n tún un bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Eléwúrẹ́ Ìṣẹ́yìn:

Bàbá Tíṣà, ẹ kú àdánù, ẹ sì bá mi kí màmá. Ẹni tí kò bá sin ẹran rí ló máa ń sọ pé ewúrẹ́ lásán ni.

Kátà ni àwọn tó ń tajà ẹran ń pe àrùn yẹn, ó sì ti wọ agbo tèmi rí. Ibi tí ẹ ti ṣì í ṣe kò ju ẹyọ kan lọ: ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ ra òbúkọ yẹn ni. Ẹran tó dé láti ọjà ti bá ẹran ìlú mẹ́fà fi imú kan imú kí ó tó dé ọwọ́ yín. Láti ìgbà tí tèmi ti ṣẹlẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹran tuntun máa ń lò ní àgbàlá àbúrò mi kí ó tó wọ ilé mi. Nígbà tí n kò ní irú ibẹ̀, ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mò ń so ó mọ́, mo máa ń bọ́ àwọn ti ilé ná, tirẹ̀ á gbẹ̀yìn, n ó sì fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi. Àwọn aládùúgbò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo sọ ewúrẹ́ di àlejò oyìnbó. Wọn kò rín mọ́.

Ẹ má ta àwọn mẹ́ta yẹn. Mo mọ ìdí tí màmá fi ń sọ ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí pé òfò kan wà tí mo ní tí kì í ṣe ti kátà, òun ló sì dùn mí jù. Abo kan tó lóyún tú okùn, ó wọ inú yàrá tí mo kó àgbàdo gbígbẹ sí, ó jẹ ẹ́ ní àjẹyó, ó sì lọ mu omi. Kí oòrùn tó dé àtàrí, inú rẹ̀ ti le bí ìlù, kò lè dìde mọ́. Èmi ni mo gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn, n kò rí ẹlòmíràn tí n ó dá lẹ́bi. Oṣù méjì ni n kò fi sún mọ́ ilé ewúrẹ́, àwọn ọmọ mi ló ń fún wọn lóúnjẹ. Ọjọ́ tí abo kejì bí ẹ̀ta ni mo padà síbẹ̀.

Dókítà Ẹran:

Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn ni mò ń ṣe. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yẹn, ó jọ PPR, orúkọ tí àwa oníṣègùn ẹran ń pe kátà yẹn, àrùn tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, tí wọ́n kọ́kọ́ kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní ọdún 1942. Kì í ran ènìyàn. Kò sí abẹ́rẹ́ tó ń pa fáírọ́ọ̀sì náà. Èyí tí ẹni yẹn gún wọn lè ran ẹ̀dọ̀fóró lọ́wọ́ bí kòkòrò mìíràn bá ti wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé òun á fi wo àrùn náà fúnra rẹ̀ sàn kò sọ òtítọ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún un, orílẹ̀-èdè wa níbí sì ni orísun rẹ̀. Lára ewúrẹ́ kan ní Nàìjíríà ni wọ́n ti rí ẹ̀yà fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Nigeria 75/1 ní ọdún 1975, òun ni wọ́n sọ di aláìlágbára tí wọ́n sì fi ń ṣe àjẹsára tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò lónìí. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹran tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan tí a bá gún ewúrẹ́ ń dáàbò bò ó fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Kí ọyẹ́ tó dé ni ó dára jù, àwọn ọmọ tó bá sì ti pé oṣù mẹ́rin sí márùn-ún ni kí ẹ mú wá, nítorí pé ààbò tí wọ́n gbà lára ìyá wọn kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé inú òtútù ni ó gbọ́dọ̀ wà, igo kan máa ń tó ẹran púpọ̀, bí a bá sì ti po ó, kò ṣeé fi pamọ́ di ọjọ́ kejì. Nítorí náà, ẹ kó àwọn aládùúgbò jọ kí ẹ jọ dá owó rẹ̀.

Ní ti àwọn mẹ́ta tó kù, èyí tó bá ṣàìsàn náà tó sì yè nínú wọn kò ní í ní in mọ́ láyé rẹ̀, kò sì ní í máa tàn án kálẹ̀ títí. Ẹ fọ ilé wọn, ẹ sá a sí oòrùn, ẹ sì dúró fún oṣù kan ó kéré tán kí ẹ tó mú ẹran mìíràn wọlé. Òbúkọ tí ẹ ń bínú sí yẹn lè jẹ́ baba agbo tuntun.

Onípẹ́pẹ́yẹ:

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti pẹ́pẹ́yẹ, nítorí pé gbogbo ènìyàn ló fò ó dá. Mẹ́rin nínú mẹ́rìnlá kì í ṣe èpè, omi ni mo fura sí. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ fẹ́ràn omi ju bí ara rẹ̀ ti lè gbà á lọ. Bó bá wọ ike tó jìn tí kò rí ọ̀nà jáde, tàbí tí ó rẹ tán nínú ọyẹ́ tí kò sì rí ibi tó móoru, òtútù á pa á. Abọ́ pẹlẹbẹ ni kí ẹ lò, kí ẹ to òkúta sínú rẹ̀, kí omi náà ṣáà tó fún wọn láti ri imú àti ojú bọ̀. Ẹ má sì fi èérí ọkà nìkan bọ́ wọn, ẹsẹ̀ wọn kì í le bí wọn kò bá rí niacin tó, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn fítámínì B, èyí tí wọ́n nílò ju ọmọ adìẹ lọ. Bí méjì tàbí mẹ́ta bá pòórá láìsí òkú, ẹ wo òkè, àwòdì ni.

Irú pẹ́pẹ́yẹ tó ní ẹran pupa lójú, tó ń fẹ́ bí ejò dípò kó pariwo, ọjọ́ 35 ló fi ń sàba, nígbà tí adìẹ ń lo 21. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 27, mo ní ẹyin náà ti di ọ̀bu, mo kó mẹ́jọ dà nù lẹ́bàá akitan. Ọ̀kan fọ́, mo sì rí ẹsẹ̀ tó ń mì nínú rẹ̀. Ìyá wọn dúró sórí ìtẹ́ òfìfo fún ọjọ́ mẹ́ta, kò jẹun.

Tíṣà Ẹ̀yìnkùlé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ike omi wa jìn gan-an ni, mo ti yí i padà. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sókè fún ìyàwó mi. Kò sọ nǹkan kan nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ òbúkọ. Ibi tí Ìyá Eléwúrẹ́ ti sọ nípa àgbàdo ni ó ti ní kí n tún kà. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilé tó ní ewúrẹ́ ní òpópónà wa, ó ti ka mẹ́sàn-án, ó sì ti jáde lọ bá Ìyá Alákàrà, tó ní mẹ́fà. Dókítà, kúlà tí a fi ń kó yìnyín nígbà ayẹyẹ, ṣé ó lè gbé abẹ́rẹ́ náà láti Ìbàdàn?

Dókítà Ẹran:

Ó lè gbé e, sà, bí yìnyín bá pọ̀ nínú rẹ̀ tí ẹ kò sì ṣí i lójú ọ̀nà. Ẹ ka iye ẹran náà tán kí ẹ tó ra igo.