Háyà bọ́ọ̀sì láti Iléṣà sí Ìbàdàn: báwo ni ká ṣe kó àwọn oníjàngbọ̀n lọ ká sì kó wọn bọ̀?

Ọmọ Ìsọkùn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà onímọ́tò. Ẹgbẹ́ kan fẹ́ háyà Hiace oníjòkòó 14 lọ síbi ìgbéyàwó n'Ìbàdàn ní Sátidé, àlọ àtàbọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Gbogbo páàkì ló mọ̀ wọ́n: wọn kì í jáde lásìkò, wọ́n á kó ẹrù rẹpẹtẹ, wọ́n á ní ká dúró níbi tá ò bá wọn sọ. Báwo ni kí n ṣe bá wọn ṣàdéhùn? Kí ni kí n yẹ̀ wò lára ọkọ̀?

Bàbá Mayfair
Àbúrò, kọ gbogbo ẹ̀ sórí WhatsApp: ibi tí o ti máa gbé wọn, aago tí ẹ ó gbéra, ibi tí ẹ ó dúró sí, aago tí ẹ ó kúrò n'Ìbàdàn. Ojú kan ni kí wọ́n ti pàdé rẹ, bí ẹnu Ọjà Àtàkúmọ̀sà. Tí o bá ń gbé wọn lójúlé dé ojúlé, oòrùn á ti mú kí ẹ tó kan Ifẹ̀. Gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà kí táyà tó yí. Ṣebí òṣómàáló ni ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà, ẹ kì í fi gbèsè sílẹ̀. Dá owó ìdádúró lé wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá àdéhùn, torí bí o bá tan AC lórí ìdúró, lítà epo kan sí méjì lè lọ ní wákàtí kan.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa bá ọ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Má mú ẹni tó sanwó o. Ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù ni kí o mú.

Mẹkáníìkì Sábó
Ẹrù gan-an ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Kéréètì mínírà oníìgò 24 máa ń súnmọ́ kílò 20, kéréètì 10 ti tó èèyàn mẹ́ta, ẹ ò tíì ka kúlà ìrẹsì o. Bí gbogbo ẹ̀ bá wà lẹ́yìn, iwájú ọkọ̀ á fúyẹ́, sítíárìn ò ní dá yín lóhùn dáadáa. Ẹ kó èyí tó wúwo sílẹ̀ lábẹ́ ìjókòó, ẹ má gbé e gorí ọkọ̀. Jẹ́ríkàn epo fún jẹnẹrétọ̀? Rárá, bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n bínú.

Ẹ wọn atẹ́gùn táyà ní ìdájí nígbà tó ṣì tutù. Ìwọ̀n ẹ̀ wà lára férémù ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ìgbà tí wọ́n ṣe é ló ń sọ: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ẹ wo táyà àpamọ́ àti jáàkì náà. Ẹ yẹ omi rédíétọ̀ àti fáànù wò, torí inú gosíló Ìwó Road ni ẹ́ńjìnnì ti ń gbóná, kì í ṣe lórí eré. Bí géèjì bá ń gòkè, ẹ pa AC, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ jẹ́ kó tutù fún bí 30 ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó ṣí rédíétọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Bọ́ọ̀sì
Àbọ̀ ni iṣẹ́ wà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbéra ní aago 4, aago 3 ni kẹ́ ẹ sọ fún wọn. Nígbà tí wọ́n bá ń jó, ẹ jẹun díẹ̀, kẹ́ ẹ sun oorun wákàtí kan. Ní Ìkirè, wọ́n á ra dòdò dandan: ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ ka orí wọn kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹni tó bá ti mutí yó, ẹgbẹ́ fèrèsé ni, pẹ̀lú láílọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sáré, kìlómítà 90 ní wákàtí kan ni òfin fún bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà márosẹ̀.

Ọmọ Ìsọkùn
Ẹ ṣeun gan-an. Tí wọ́n bá wá kó èèyàn 17 wá ńkọ́?

Bàbá Mayfair
Má tan ẹ́ńjìnnì. Fi àdéhùn han ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù yẹn, òun ni kó yan àwọn tó lé tó máa wọ ọkọ̀ èrò. Ìwọ má bá wọn yàn án o.