Rọ́bà ìdérí táǹkì epo Corolla 2005: ṣé wọ́n ń tà á lọ́tọ̀ ní Ládípọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì. Iná ẹ́ńjìnnì tàn, kọ́ọ̀dù P0457 ló gbé jáde (ìyẹn ni pé oruku epo ń jò jáde, bóyá torí ìdérí táǹkì ò dé dáadáa). Mo ti nu ẹnu táǹkì, mo yí ìdérí ẹ̀ títí ó fi dún "kẹ-kẹ-kẹ", síbẹ̀ iná ò kú. Rọ́bà róbótó inú ìdérí ọ̀hún ti gan, ó sán níbi kan débi pé èékánná ń wọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n fi gíríìsì pa á.

Ṣé èèyàn lè rí rọ́bà yẹn nìkan rà, àbí odindi ìdérí ni? Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé fáàfù tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ táǹkì ṣì ń ṣiṣẹ́? Tí mo bá pààrọ̀ ẹ̀ tán ńkọ́, ṣé iná á kú fúnra ẹ̀, àbí dandan ni kí wọ́n fi ẹ̀rọ pa á?