"Apa-ọ́síjìn" kò bá iṣẹ́ ewúro mu

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará mi.

Mo rí àbá ọ̀gá wa pé "apa-ọ́síjìn" ni kí á máa pe àwọn èròjà inú ewé bí ewúro tó ń gba ara lọ́wọ́ ìjàm̀bá ìtànṣán ("antioxidant" lédè Gẹ̀ẹ́sì). Mi ò fara mọ́ ọn rárá. "Pa" yẹn ló bí mi nínú. Ta ni ewúro pa? Ọ́síjìn la fi ń mí!

Bí ìtànṣán gámà, ìtànṣán alágbára tí ojú kì í rí, bá wọ ara, omi ló sábà máa ń bá, torí omi ló pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì. Á fọ́ omi náà, èérún tó ń jẹ́ háídírọ́síìlì á jáde, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan (èérún tíntìntín inú átọ́ọ̀mù) ò sì ní pé lára rẹ̀. Èyí tó ń wá ló máa já gbà lára ọ̀rá tó yí sẹ́ẹ̀lì ká, tàbí lára DNA tó ń gbé àbùdá wa. Èròjà ewé á wá yọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tirẹ̀ fún un, bí àgbà tó fi owó àpò ara rẹ̀ parí ìjà. Ṣé pípa nìyẹn? Pípẹ̀tù ni. "Apẹ̀tù-ìpaàrà" ni mo fà kalẹ̀; jíjá ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà yẹn ni mo pè ní ìpaàrà. Ẹni tó bá sọ pé irin nìkan ló ń ní ìpaàrà, kó rántí pé ọ́síjìn ló wà nídìí ti irin náà.

Ọ̀gá wa ní ọjọ́ pẹ́ tí òun ti ń kọ́ni ní ẹ̀dá-èdè. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, sà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bá àwọn ìyá wa ní Kàbà àti Ìsánlú nílẹ̀ Ọ̀kun nídìí ewúro fífọ̀, níbi tí omi àkọ́kọ́ ti ń ṣú, tó ń hó kún igbá. Bí wọ́n bá ní ó pa nǹkan, aràn ni wọ́n ń wí.

Orúkọ tó ń halẹ̀ tún léwu, torí ó lè mú kí èèyàn gbára lé ewé jù. Eku ni wọ́n fi dán ewúro àti kolaviron, èròjà kan inú orógbó, wò lábẹ́ ìtànṣán gámà. Ẹni tí wọ́n ń fi ìtànṣán wo jẹjẹrẹ fún gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ kó tó mu àgbo kankan, torí ohun tó ń gba sẹ́ẹ̀lì rere sílẹ̀ lè gba ti jẹjẹrẹ náà.

"Ìmọ́lẹ̀ olóró" tí ẹlòmíì dá fún ìtànṣán gámà, ẹ gbé e kúrò. Gámà kì í hàn sójú, ìmọ́lẹ̀ wo ló wá jẹ́? Ẹni tó sì ní kí àwa Ọ̀kun fi irú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àwọn ará Ọ̀yọ́, mo ṣì ń dúró de ìdí tó ní.