Báwo ni mo ṣe lè kọ́ àwọn ọmọ láti fi àmì sọ̀rọ̀ nínú àwòrán?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ ọnà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 ní Ẹ̀pẹ́, ìmọ̀ràn yín ni mo sì ń wá.

Bí mo bá ní kí wọ́n ya ìfẹ́, ọkàn pupa bíi ti orí fóònù ni gbogbo wọn ń yà. Àlàáfíà? Ẹyẹlé. Bẹ́ẹ̀ orí wọn kò ṣófo rárá. Ọmọbìnrin kan, ọmọ apẹja, ya àwọ̀n tó fàya, ó wá fi òwú pupa kan ṣoṣo rán ojú ibi tó ya. Mo bi í pé kí ló túmọ̀ sí. Ó ní, "Àwọ̀n ni, Mà." Ó ká mi lára gan-an, torí àwòrán yẹn ń sọ̀rọ̀.

Mo wá fi àrokò kọ́ wọn: owó ẹyọ méjì tó kọjú síra, ìrẹ́pọ̀ ni, bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Ojú wọn là! Ṣùgbọ́n òbí kan ránṣẹ́ pé ọmọ òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó ẹyọ, ó ní ohun òrìṣà ni. Mi ò fẹ́ bá òbí fa wàhálà, mi ò sì fẹ́ pa àrokò tì, nítorí bí àwọn baba wa ṣe ń ránṣẹ́ síra wọn ni.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣàlàyé irú èyí fún òbí? Ìbéèrè wo lẹ máa ń bi ọmọ tí yóò fi rí ìtumọ̀ nínú ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà, láìjẹ́ pé ẹ fi tiyín sí i lẹ́nu? Báwo lẹ sì ṣe ń fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní máàkì?