Kí ni ká máa pe Eduard Hanslick ní Yorùbá?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ kú àròjinlẹ̀ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn èèyàn tó lórúkọ nídìí mùsíìkì nílẹ̀ Yúróòpù béèrè orúkọ tí a lè fún iṣẹ́ tí Eduard Hanslick ṣe, ìyẹn kíkọ àyẹ̀wò àti ìdájọ́ lórí mùsíìkì sínú ìwé ìròyìn. Àwọn fúnra wọn dábàá "alárìíwísí orin", àwọn mélòó kan sì ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì tó wà nínú orúkọ náà ló máa ṣi òǹkàwé lọ́nà, ó sì dùn mí kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọ inú èdè wa pẹ̀lú orúkọ tí kò yẹ ẹ́.

Prague ni wọ́n bí Hanslick sí lọ́dún 1825, nígbà tí ìlú náà ṣì wà lábẹ́ olú-ọba Austria. Ó kọ́ mùsíìkì lọ́dọ̀ Tomášek, olùkọ́ mùsíìkì kan ní Prague, ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ó sì ṣiṣẹ́ ìjọba ní Vienna. Ìwé ìròyìn ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Láti 1864 ló ti ń kọ̀wé sínú Neue Freie Presse, ó sì wà nídìí iṣẹ́ yẹn fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Yunifásítì Vienna náà fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ mùsíìkì. Ó kú lọ́dún 1904.

Ẹ̀rí tí ẹ̀gbọ́n mú wá fún "alárìíwísí" ni ohun tí Hanslick kọ lẹ́yìn tí Brodsky ta gòjé nínú kọnsẹ́ẹ̀tò (mùsíìkì tí gòjé kan ti ń léwájú ẹgbẹ́ olóhun-èlò) tí Tchaikovsky, ọmọ Rọ́ṣíà, kọ, ní Vienna, lóṣù Kejìlá ọdún 1881. Hanslick ní iṣẹ́ náà mú òun ronú pé ó ṣeé ṣe kí mùsíìkì kan wà tí etí lè gbọ́ òórùn burúkú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú gbáà ni, mi ò sì ní gbèjà rẹ̀. Kò sí ibi tí wọn kì í ti ta kọnsẹ́ẹ̀tò náà lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá pè ní alárìíwísí nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ wa, àléébù ló ń wá kiri. Inú rẹ̀ kì í dùn sí nǹkan kan. Ṣé Hanslick nìyẹn? Lọ́dún 1846, nígbà tí kò ju ọmọ ọdún 21 lọ, ó kọ àyẹ̀wò gígùn lórí eré olórin Tannhäuser tí Wagner, ọmọ Jámánì, kọ, ó sì yìn ín gidigidi. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ojú ìwòye àwọn méjèèjì yà. Ó ti Brahms, ọmọ Jámánì tó ń kọ mùsíìkì, lẹ́yìn débi pé Brahms fi àwọn ijó Waltz rẹ̀ (opus 39, ìyẹn iṣẹ́ rẹ̀ tó ní nọ́ńbà 39) ṣe ẹ̀bùn fún un.

Ẹ wá wo ẹni tó fi Hanslick hàn bí "alárìíwísí". Nínú eré olórin Die Meistersinger, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Munich lọ́dún 1868, Wagner fi ẹnì kan tó ń jẹ́ Beckmesser síbẹ̀. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń kọrin níwájú ẹgbẹ́ àwọn akọrin, Beckmesser jókòó síbi tí wọ́n fi aṣọ bò, ó mú ẹfun àti síléètì, ó ń fa ilà ṣíọ̀ṣíọ̀ sí gbogbo àṣìṣe tó bá gbọ́, títí síléètì fi kún. Nínú ọ̀kan lára àwọn àkọsílẹ̀ tí Wagner kọ́kọ́ ṣe fún eré yìí, Veit Hanslich ni orúkọ ẹni tó wá di Beckmesser. Lọ́dún 1869, Wagner tún bú Hanslick nínú ìwé tó fi ń bú àwọn Júù, torí pé ìdílé Júù ni ìyá Hanslick ti wá. Tí a bá wá fi "alárìíwísí" pè é, a ti gba ẹjọ́ Wagner rò láìgbọ́ tẹnu ẹnì kejì.

A ò sì ní láti dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀. "Alámèyítọ́" ti wà lẹ́nu àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá ní yunifásítì tipẹ́. "Èyí" wà nínú rẹ̀, "tọ́" wà nínú rẹ̀; ẹni tó ń yẹ nǹkan wò kó lè mọ èyí tó tọ́ ló ń tọ́ka sí. Ẹnì kan níbí ní ti lítíréṣọ̀ nìkan ni. Mi ò rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀.

"Orin" ló wá le jù, torí ibẹ̀ gan-an ni èrò Hanslick wà. Lọ́dún 1854 ó tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí ohun tó ń mú mùsíìkì rẹwà. Ó mú àpẹẹrẹ kan látinú eré olórin Orfeo tí Gluck kọ. Orfeo lọ mú ìyàwó rẹ̀ bọ̀ láti ọ̀run, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ wojú rẹ̀ lọ́nà. Ó wò ó, obìnrin náà sì tún kú. Orin tó wá kọ pé òun ti pàdánù rẹ̀ ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́kún. Hanslick ní tí wọ́n bá yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà, kó di pé Orfeo ti rí ìyàwó rẹ̀, ohùn kan náà á gbé e dáadáa. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ló ń sunkún níbẹ̀, kì í ṣe ohùn.

Ẹ dán an wò ní Yorùbá. "Mo pàdánù rẹ̀": dò-mí-dò ni "pàdánù". "Mo padà rí i": re-dò-mí ni "padà rí". Ohùn kan kò lè gbé méjèèjì. Ẹni tó bá ti kọ orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ sórí ohùn òyìnbó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí ìtumọ̀ padà lẹ́nu akọrin nígbà tí ohùn bá gòkè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ ni ohùn orin wa ti ń jáde. Hanslick sì sọ pé inú mùsíìkì tí wọ́n fi ohun èlò nìkan ṣe, tí ẹnikẹ́ni ò lanu kọ, ni ká ti wádìí ohun tí mùsíìkì jẹ́. Tí a bá pe ìyẹn ní "orin", òǹkàwé á máa wá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. "Mùsíìkì" ni mo fara mọ́. Ọ̀rọ̀ àyálò ni lóòótọ́, àmọ́ gbogbo ìgboro ló ń sọ ọ́.

Àbúrò wa kan ní ìlù wa ń sọ̀rọ̀, nítorí náà Hanslick ò rí tiwa rò. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀ nítorí pé ohùn èdè ló ń sín jẹ. Gúdúgúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò wí nǹkan kan, ẹsẹ̀ oníjó sì ń gbọ́ tirẹ̀. Níbi gúdúgúdú ni Hanslick ti lè bá wa jókòó.

Ó ku gbólóhùn rẹ̀ tó lókìkí jù, tó ní "tönend bewegte Formen" (lédè Jámánì) nìkan ló wà nínú mùsíìkì. Wọ́n ti dábàá "àwòrán ohùn tó ń rìn". Àwòrán gbọ́dọ̀ jẹ́ ti nǹkan kan, ohun tí Hanslick sì ń jà kọ̀ nìyẹn, pé mùsíìkì kì í ya àwòrán ohunkóhun. "Ìhun" tí a ń lò fún gbólóhùn dára jù, "ìró" sì dára ju "ohùn" lọ torí pé gòjé kò ní ọ̀fun. "Ìhun ìró tó ń rìn" ni mo kọ.

Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá gbà fún mi, báyìí ni kí ìlà àkọ́kọ́ kà: "Eduard Hanslick (1825–1904), alámèyítọ́ mùsíìkì àti òǹkọ̀wé ọmọ Austria, tó kọ́ni pé ìhun ìró tó ń rìn ni mùsíìkì."