Olú dá agbo sẹ́yìnkùlé wa, Màmá sì ti já a sínú ajọ̀: ẹ gbà mí o!

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Kíákíá ni mo fẹ́ ìmọ̀ràn yìí. Láti òjò ọjọ́ Àìkú ni olú ti hù sórí koríko ẹ̀yìnkùlé wa. Kò hù ká bó ṣe wù ú, ńṣe ló tò yíká bí ẹni dá agbo ijó. Láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì tó mítà mẹ́ta. Koríko ìdí olú náà ti gbẹ, àmọ́ èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún tutù yọ̀yọ̀ ju gbogbo ìyókù lọ. Ìyá ọkọ mi ti já ìdajì rẹ̀ sínú ajọ̀, ẹ̀gúsí ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fi sè. Ìyá òyìnbó tó múlé tì wá yọjú lórí fẹ́ǹsì, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wọ inú rẹ̀, kí a má sì hú u, pé ibi ijó àwọn iwin ni. Ẹ̀jẹ́ǹtì ń bọ̀ wá yẹ ilé wò lọ́jọ́bọ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ṣé wọn ò ní yọ owó koríko yìí nínú dìpọ́sítì wa báyìí?

Nọ́ọ̀sì Manchester

Ìyá Ìbejì, ẹ gbé ajọ̀ yẹn kúrò nídìí iná kí ẹ tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi. Ẹ má dà á nù tán. Ẹ fi ọ̀bẹ wú mẹ́ta sí i tìdítìdí, ẹ kó o sínú àpò bébà. Kó má jẹ́ ọ̀rá o, inú ọ̀rá ló ti ń rà, ẹnikẹ́ni ò sì ní dá a mọ̀ mọ́. Ẹ ya fọ́tò orí rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ àti ìdí rẹ̀, kí owó ẹyọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ bó ṣe tóbi tó.

Bí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì bá ti fi sẹ́nu, ẹ fi ìka yọ èyí tó kù lẹ́nu rẹ̀, ẹ pe 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera, lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de àmì kankan. Ẹ má fún un ní epo pupa mu, ẹ má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun pé kó bì. Epo pupa yẹn ni àṣìṣe tí èmi náà ti ṣe rí, kò sì pa májèlé kankan, bí ọmọ ṣe máa fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró ló ń fà. Bí ọmọ bá ń làágùn, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, tàbí tí mímí ń ni ín lára, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, ni kí ẹ pè.

Màmá Peckham

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ̀rù yín ti pọ̀ jù. A ti ń jẹ olú kí a tó bí yín. Kí ìyá ọkọ rẹ bọ̀ ọ́ nínú omi iyọ̀, kí wọ́n da omi àkọ́kọ́ nù, kí wọ́n fi àlùbọ́sà sí i. Bí àlùbọ́sà ò bá ti dúdú, kò sí nǹkan kan. Bí ìgbín bá sì ti jẹ lára rẹ̀, èèyàn náà lè jẹ ẹ́.

Nọ́ọ̀sì Manchester

Màmá, mo kúnlẹ̀ o, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ àlùbọ́sà yẹn ti gbé èèyàn dé ọsibítù. Olú funfun kan wà tó ń hù sórí koríko báyìí, Clitocybe rivulosa, májèlé kan tó ń jẹ́ muscarine ló wà nínú rẹ̀. Iná kì í pa muscarine. Láàárín ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí méjì ni òógùn, itọ́ àti omijé á bẹ̀rẹ̀, ojú á máa rí bàìbàì, ọkàn á máa lù lọ́ra. Àwọn dókítà ní oògùn kan, atropine, fún un, àmọ́ ẹ ò ní bá a nínú kọ́ńbọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Ní ti ìgbín, ikùn rẹ̀ kì í ṣe ikùn wa.

Bàbá Ọlọ́gbà, Birmingham

Òótọ́ ni Nọ́ọ̀sì sọ. Olú méjì wà nínú àwọn tó sábà máa ń dá agbo sórí koríko gígé ní Bìrìtìkó. Èyí tí wọ́n ń jẹ ni Marasmius oreades. Fìlà rẹ̀ fẹ̀ tó 2 sí 5 cm, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí awọ ẹran, ó yọ kókó láàárín. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ abẹ́ rẹ̀ jìnnà síra wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yi, èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ kó má kán. Olóró yẹn funfun bí ẹni fi àtíkè kùn ún, àárín fìlà rẹ̀ tẹ́ tàbí kó jin kòtò, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ abẹ́ rẹ̀ há mọ́ra wọn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sára ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ohun tó ń pani lára ni pé àwọn méjèèjì lè hù pọ̀ lórí koríko kan náà, àní nínú agbo kan náà. Ẹni tó dá mẹ́wàá mọ̀ dáadáa lè já ìkọkànlá mọ́ ọn. Ajọ̀ tí ẹ ti dà wọ́n pọ̀ sí yẹn, kò sí ẹni tó yẹ kó jẹ nínú rẹ̀.

Màmá Peckham

Èyí tí à ń jẹ nílé ńkọ́? Òun náà kì í funfun ni?

Bàbá Ọlọ́gbà, Birmingham

Màmá, èyí tí à ń já lẹ́bàá ọ̀gán nílé, ikán ló ń gbìn ín sínú ilé wọn. Irú ikán bẹ́ẹ̀ kò sí ní Leeds, kò sí ní Peckham, Áfíríkà àti Éṣíà ni wọ́n wà. Níbi tí ikán yẹn ò bá sí, olú yẹn ò lè hù. Nítorí náà, èyíkéyìí tí ẹ bá rí níbí tó jọ ọ́, jíjọ lásán ni.

Ọmọ Ìbàdàn, Houston

Ẹ gbọ́ ẹ̀kọ́ tiwa náà. Ní Texas níbí, Chlorophyllum molybdites ló ń dá agbo síwájú ilé. Ó ga, fìlà rẹ̀ tó àwo ìjẹun, ó jọ olú ńlá ilé wa bí ìbejì. Òun ni olú olóró tí wọ́n ń ṣèèṣì jẹ jù ní Amẹ́ríkà. Wákàtí kan sí mẹ́ta, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru dé, ara á sì gbẹ. Nọ́ńbà tiwa fún ọ̀rọ̀ májèlé ni 1-800-222-1222, ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ẹ fi sórí fóònù yín.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀ nìyí. Ẹ gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, ẹ da fìlà dojú délẹ̀ sórí bébà, kí ìdajì rẹ̀ wà lórí bébà funfun, ìdajì lórí dúdú. Ẹ fi abọ́ dé e mọ́jú. Láàárọ̀, ẹ ó rí lẹ́búlẹ́bú tó dà sílẹ̀. Bó bá rí bí ewéko, òun nìyẹn. Èmi ò ṣe èyí, abẹ́ fìlà ni mo kàn wò. Ó ṣì funfun torí olú náà kò tíì gbó, ni mo bá jẹ ẹ́. Wáàdì pàjáwìrì lọ́wọ́n ní ìlú yìí, ẹ jọ̀wọ́.

Bàbá Ọlọ́gbà, Birmingham

Ó dára, àmọ́ ti Leeds ò ní tipa bẹ́ẹ̀ yanjú. Marasmius àti olóró rẹ̀, funfun ni lẹ́búlẹ́bú àwọn méjèèjì.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Mo ti gbé ajọ̀ síta. Màmá ń fajú ro. Ìbejì kankan ò fi sẹ́nu, Ọlọ́run ṣeun. Koríko wá ńkọ́? Ọkọ mi ní kí a da bílíìṣì sí i.

Bàbá Ọlọ́gbà, Birmingham

Ó tì o! Koríko nìkan ni bílíìṣì máa pa. Olú tí ẹ ń rí, èso ni. Ara rẹ̀ gan-an ni òwú funfun tó wà nínú ilẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ bẹ ilẹ̀ díẹ̀ níbi tó gbẹ, ẹ ó rí i, ẹ ó sì gbọ́ òórùn ebu. Ẹ kán omi sí i, omi á dúró róbótó bí ẹni kán an sórí ewé kókò. Òwú yẹn kì í jẹ́ kí omi wọlẹ̀, ìdí nìyẹn tí koríko fi kú. Èyí tó tutù yọ̀yọ̀ nínú ń jẹ náítírójìn tí òwú náà ń tú sílẹ̀ bó ṣe ń jẹ ohun jíjẹrà inú ilẹ̀.

Ohun tí ẹ lè ṣe kó tó di Ọjọ́bọ̀: ẹ ṣa gbogbo olú, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ó di inú bíìnì, kó má bọ́ sínú ààtàn ìdajílẹ̀. Ẹ fi fọ́ọ̀kì ọgbà gún ilẹ̀, ó kéré tán 10 cm ní jíjìn, kí ihò kan jìnnà sí èkejì ní 10 cm, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti bíi 50 cm sí ìta agbo. Ẹ po ọṣẹ ìfọbọ́, ṣíbí ìmutíì kan sínú omi 10 lítà, ẹ bu u wọ́n ọn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá da omi lásán sí i títí ilẹ̀ á fi mu. Ojoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Oṣù Kẹsàn-án dára fún irúgbìn koríko, 35 gíráàmù sí mítà kan níbùú lóròó níbi tó pá. Ajílẹ̀ onínáítírójìn púpọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ di oṣù Kẹrin. Ẹ fọ fọ́ọ̀kì yẹn kí ẹ tó gún ibòmíràn.

Kò sí oògùn olú tí wọ́n fọwọ́ sí fún ọgbà ilé ní Bìrìtìkó níbí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín.

Àǹtí Milton Keynes

Bàbá, ẹ ò ní kí wọ́n kúkú hú u kanlẹ̀? Koríko tuntun ni mo rà tẹ́ sórí tèmi láì wú ilẹ̀, ọdún kejì ló tún yọ.

Bàbá Ọlọ́gbà, Birmingham

Àǹtí, ẹ gbọ́ ìṣirò. Agbo mítà mẹ́ta, yíyí rẹ̀ ká ju mítà mẹ́sàn-án lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ wà á ní 30 cm sí inú, 30 cm sí ìta, kó jìn ní 30 cm. Erùpẹ̀ rẹ̀ lé ní tọ́ọ̀nù méjì, kò sì gbọdọ̀ ta sórí koríko tó mọ́. Ilé àyágbé lèyí.

Ìṣirò kan tún wà tó lè wúlò. Agbo náà ń fẹ̀ síta ní 10 sí 35 cm lọ́dún. Láti àárín dé etí jẹ́ 150 cm. Ọmọ ọdún 4 sí 15 ni agbo yẹn. Ìgbà wo lẹ kó wọlé?

Ìyá Ìbejì, Leeds

Oṣù mẹ́sàn-án!

Bàbá Ọlọ́gbà, Birmingham

Ó ti wà ńlẹ̀ kí ẹ tó dé nìyẹn. Ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú déètì.

Tísà Cardiff

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìyá aládùúgbò yẹn ṣeré o, ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ló ń sọ. Ní Wales, Tylwyth Teg ni orúkọ àwọn iwin náà. Wọ́n ní ẹni tó bá wọ agbo wọn á rò pé ìṣẹ́jú díẹ̀ lòun fi jó, ọdún kan àti ọjọ́ kan á ti lọ. Ẹni tó fẹ́ fà á yọ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ níta agbo, tàbí kó lo okùn. Irin tún ń lé wọn. Ní àríwá Ẹ̀ńgílándì, ìgbà mẹ́sàn-án ni kí o sáré yí i ká lábẹ́ òṣùpá àrànmọ́jú kí o lè gbọ́ orin wọn lábẹ́ ilẹ̀, àmọ́ o kò gbọdọ̀ sáré ìkẹwàá. Ní Jámánì, àwọn àjẹ́ ló ń jó níbẹ̀ lóru ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin. Ní Faransé, ọ̀pọ̀lọ́ olójú ńlá ló ń ṣọ́ ọ. Ní 1686, Robert Plot, onímọ̀ ìṣẹ̀dá ará Ẹ̀ńgílándì, kọ ọ́ pé mànàmáná ló ń fa agbo náà. Ní 1807 ni Wollaston, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ẹ̀ńgílándì, kọ ọ́ pé òwú olú ló ń jẹ oúnjẹ inú ilẹ̀ tán, tó sì ń sún síta.

Ọmọ Oǹdó, Dublin

Irin kẹ̀? Ògún ti dé ọ̀hún ṣáájú wa! Fọ́ọ̀kì Bàbá Ọlọ́gbà ti tó.

Níbí, agbo àwọn iwin kì í ṣe olú. Òkìtì erùpẹ̀ róbótó tí àwọn ará àtijọ́ fi mọ odi yí ilé oko wọn ká ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló wà ní Áyálándì, òfin sì dáàbò bò ó. Títí dòní, àgbẹ̀ míì ò jẹ́ gbé katakata débẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Manchester

Àwọn iwin á fẹ́ràn Manchester, òjò wa kì í dá. Kí ni wọ́n ń wá lọ sí Leeds?

Ìyá Ìbejì, Leeds

Àwa la lágbo, ẹ̀yin lẹ lòjò. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn, Houston

Ẹ wá wo ti Houston kí ẹ tó pariwo.

Tísà Cardiff

Ti Belfort ní Faransé, 600 mítà láti etí kan dé èkejì, wọ́n fojú bù ú sí 700 ọdún. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, gbogbo yín.

Ọmọ Oǹdó, Dublin

Èmi, òjò àkọ́rọ̀ nílé ni ọkàn mi wà. Olú á lalẹ̀ hù, àwọn ìyá á pàtẹ rẹ̀ sórí ewé lẹ́bàá títì, erùpẹ̀ á ṣì wà nídìí rẹ̀. Kí wọ́n fi sínú ẹ̀fọ́, kí iyán máa fẹ̀ẹ́fín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Màmá Peckham

Ọmọ mi, o pa mí lẹ́kún. Mo gbà fún Nọ́ọ̀sì o, kí ìyá yẹn má jẹ ẹ́. Ẹnìkan ń ta olú gbígbẹ láti ilé lágbègbè mi níbí, mo máa bá a sọ̀rọ̀ lọ́la.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Màmá ní kí ẹ bá àwọn náà rà á, àpò méjì. Ọ̀rọ̀ dìpọ́sítì wá ńkọ́, ẹ̀yin ará? Ṣé kí n fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹ̀jẹ́ǹtì ṣáájú Ọjọ́bọ̀, àbí kí n dúró kó dé?

Àǹtí Milton Keynes

Màmá Peckham, ẹ bá mi gba mẹ́ta. Èló ni?